Alága Tó Yan Sàlẹ́ńsà Nítorí Ariwo Rẹ̀

Ipò kékeré ló ń ṣi ènìyàn lójú jù. Ẹni tí wọ́n fi jẹ ọba mọ̀ pé ìlú ń wo òun, ẹ̀rù á sì máa bà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ewúrẹ́ igbó, kò sẹ́ni tó ń wò ó, òun náà ló sì ń rò pé gbogbo ayé dúró ní fèrèsé.

Mungo Tulloch ni a ń bá wí.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní àfonífojì Karehu, ní erékùṣù gúúsù New Zealand, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òkè kan wà lẹ́yìn ilé Hinewai Rapata, ọdẹ obìnrin kan, tí òjò ńlá kan ti fọ́ lulẹ̀ rí. Erùpẹ̀ ya wá látòkè, ó gbé pápá àgùntàn lọ, ó sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà ni tọmọdé tàgbà ti ń gbin igi sí orí òkè yẹn, kí gbòǹgbò lè di ilẹ̀ mú. Igi náà ni ewúrẹ́ ń jẹ. Èyí tí wọ́n bá gbìn lónìí, ewúrẹ́ á fi ṣe oúnjẹ àárọ̀ ọ̀la. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dọdẹ wọn, nítorí náà sì ni ìgbìmọ̀ ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ wá le ní ọdún tí à ń sọ yìí. Àwọn aláṣẹ ẹkùn ilẹ̀ náà ránṣẹ́ pé bí àfonífojì kò bá fi hàn pé ó lè dín ewúrẹ́ rẹ̀ kù kí òjò ìgbà òtútù tó dé, àwọn yóò gba òkè náà, àwọn yóò gbé e fún àwọn ará ìlú ńlá tó ń yìnbọn láti inú hẹlikópítà, wọn yóò sì ti ọ̀nà òkè pa mọ́ gbogbo ènìyàn. Èjìká òkè yẹn gan-an ni itẹ́ òkú àwọn ìran Hinewai wà. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ọ̀nà náà, ọmọ á wà nísàlẹ̀, ìyá á wà lókè, ìwé àṣẹ á sì wà láàrin.

Ẹni tó bá mọ ìtàn ilé Tulloch mọ ibi tí ewúrẹ́ ti wá. Hamish, bàbá bàbá Mungo, ló kó wọn wá nínú ọkọ̀ ojú omi, ó so wọ́n mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn tí kò lágbára, ó sì wọlé lọ jẹun. Lachlan ọmọ rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ lé ewúrẹ́ tí bàbá rẹ̀ tú sílẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni Lachlan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí oòrùn ìgbà òtútù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Lachlan kò sọ ni Ọlọ́run kó pamọ́, tó wá dà sẹ́nu Mungo.

Ní Karehu, ọdẹ kì í gòkè láìfi sàlẹ́ńsà sẹ́nu ìbọn. Irin gígùn tó tó ìgò ni, ihò la inú rẹ̀ já. Òun ló ń gbé ohùn ìbọn mì, kó má baà di etí ọdẹ, kó má sì lé ewúrẹ́ tó kù sá. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá ti dún tán, omi á rin sínú irin náà, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu ìbọn mọ́jú, ìpẹtà á jẹ àtìbọn àti sàlẹ́ńsà. Nítorí náà, láti ayé Lachlan, bí àwọn ọdẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ dé gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, kálukú á yí sàlẹ́ńsà tirẹ̀ kúrò bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò, á gbé e dúró sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù onígi kó gbẹ. Wọ́n á tò rẹrẹ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu tíì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ibi tí ewúrẹ́ sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní òpùrọ́. Kí á sòótọ́, sítóòfù yẹn ni ìgbìmọ̀. Tábìlì alága kàn wà fún ẹ̀ṣọ́ ni.

Bóyá ìyẹn ni Mungo kò ṣe fẹ́ràn sítóòfù náà. Ó ní ó ń sọ gbọ̀ngàn di ilé ọtí.

Nígbà tí ìpẹtà ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn sàlẹ́ńsà ìgbìmọ̀, wọ́n pinnu láti ra tuntun. Irin tí wọ́n máa rà kò fa àríyànjiyàn. Bí yóò ṣe di ẹnu ìbọn mú ló kù. Irú ìdè méjì ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ ìpàdé. Èkíní ni oníyíyí tí gbogbo wọn mọ̀: ẹ ó yí i mọ́ ẹnu ìbọn títí yóò fi kan èjìká irin, ó parí. Èkejì ní apá kan tó máa ń wà lẹ́nu ìbọn títí lọ. Sàlẹ́ńsà á kàn gun orí rẹ̀, ẹ ó yí i díẹ̀, eyín òrùka rẹ̀ á sì gbá a mú: kẹrẹkẹrẹ-kọ́! Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ irin: èkejì yìí wúlò fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Sàlẹ́ńsà kan lè ti orí ìbọn kan bọ́ sórí òmíràn kíákíá, ìgbìmọ̀ tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ kò tó ìbọn rẹ̀ sì lè fi ṣe àǹfààní. Bí Mungo bá torí èyí yàn án, ìtàn wa ì bá ti parí síbí.

Mungo gbé èkejì, ó yí i. Kẹrẹkẹrẹ-kọ́.

Ojú rẹ̀ yí padà bí ti ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú agbo. Ó tú u, ó tún yí i. Ó di ojú. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì yí orí sí akọ̀wé rẹ̀, Clive Bodley, ọkùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ ti kọ́ láti máa mì kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

“Clive,” ni ó wí, “ǹjẹ́ o gbọ́?”

Clive ní òun gbọ́. Ó ní ó wọ òun lára.

Mungo bá dìde. Bí Mungo bá dìde, àwọn tó mọ̀ ọ́n á tún tíì bù. Ó sọ̀rọ̀ títí igi fi jóná tán nínú sítóòfù. Ó sọ nípa irin, ó sọ nípa ọ̀làjú, ó sọ nípa bàbá bàbá rẹ̀. Ó ní oníyíyí jẹ́ ìdè àwọn tí kò ní ìran níwájú. “Ẹ yí i títí, kò ní sọ nǹkan kan. Báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, bí iṣẹ́ náà kò bá kéde ara rẹ̀? Ohun tí kò dún, ẹ̀yin ará Karehu, ǹjẹ́ ó ṣẹlẹ̀?”

“Kò ṣẹlẹ̀ rárá, Alága,” ni Clive wí.

Hinewai, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù tó sì ti bọ́ bàtà rẹ̀ kó lè gbẹ, gbé orí sókè. Òun àti Mungo jọ lọ ilé ìwé kan náà ni, nítorí náà kò bá a fi “ẹ” sọ̀rọ̀ rí. “Mungo, ṣebí sàlẹ́ńsà la fẹ́ rà. Èyí tó ń pariwo lo wá yàn?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sínú ife wọn. Mungo kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kan wà tó ń gbọ́ ariwo níbi tí àwọn mìíràn ti ń gbọ́ àṣẹ.

“Ewúrẹ́ ńkọ́?” ni Hinewai béèrè. “Èwo làwọn máa gbọ́ níbẹ̀?”

Ìbéèrè ńlá nìyẹn, Mungo sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ìbéèrè ńlá ṣe. Ó dá ìgbìmọ̀ abẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yan ara rẹ̀ àti Clive sínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ abẹ́ náà jókòó lẹ́bàá agolo bísíkíìtì, ó fẹnu kò, ó sì padà wá jábọ̀ kí tíì tó tutù pé ewúrẹ́ kò ní etí fún irin. Wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn tó nawọ́ sókè nawọ́ nítorí wọ́n fẹ́ tètè lọ fún wàrà màlúù wọn.

Mungo sọ ìdè náà ní Ìdè Ọlọ́lá. Àfonífojì sọ ọ́ ní Aláriwo.

Kò pẹ́ tí Aláriwo fi di ẹ̀sìn. Mungo kò fi agogo bẹ̀rẹ̀ ìpàdé mọ́. Á gbé ẹnu ìbọn kan tí wọ́n ti gé kúrò lára ìbọn, á yí sàlẹ́ńsà mọ́ ọn, kẹrẹkẹrẹ-kọ́, gbogbo ilé á sì dákẹ́. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó gún régé lójú ara rẹ̀, á tún yí i. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn dáhùn. Clive ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tó yá, ẹni tí kò bá dáhùn, Mungo á wò ó bí ẹni wo àgùntàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rà.

Ó gbé e délé. Effie ìyàwó rẹ̀, obìnrin tó mọ oúnjẹ sè tó sì mọ ẹnu pa mọ́, á gbé ẹran àgùntàn síwájú rẹ̀, Mungo á tọ́ ọ wò, á nawọ́ sí abẹ́ tábìlì: kẹrẹkẹrẹ-kọ́. Ìyẹn ni pé oúnjẹ dùn. Effie á ní ó ṣeun. Ohun tó bá sọ fún ìkòkò nílé ìdáná, ìkòkò nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ ti sítóòfù dé. Mungo ní kò bójú mu kí ohun èlò ìgbìmọ̀ máa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná bí ìgò òfìfo. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, inú àpótí tí wọ́n fi aṣọ àrán tẹ́ nínú ni sàlẹ́ńsà yóò máa sùn. Wọ́n bá ń kó irin tútù sínú àrán. Àrán tutù, irin ń pọ́n lábẹ́lẹ̀, sítóòfù sì dá jókòó bí ìyá arúgbó tí ọmọ kò bẹ̀ wò. Nígbà tí sítóòfù dá wà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ibi tí ewúrẹ́ sùn mọ́.

Èyí tó wá burú jù ni ti ẹ̀bá igbó. Mungo pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi sàlẹ́ńsà sẹ́nu ìbọn nínú ọkọ̀. Kí gbogbo ọdẹ tò sí etí igbó, kí wọ́n dúró ṣánṣán, kí wọ́n sì jọ yí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá ti ju ọwọ́. Kẹrẹkẹrẹkẹrẹkẹrẹ-kọ́-kọ́-kọ́! Lókè, ewúrẹ́ á gbé etí. Òbúkọ àgbà kan tí ìwo rẹ̀ ti ká, á wò wọ́n títí, á yí ìdí padà, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn ọdẹ á gòkè dé ibi ìgbẹ́ gbígbóná, wọ́n á sì sọ̀kalẹ̀.

Hinewai sọ ọ́ fún un lójú gbogbo wọn. Ó ní ewúrẹ́ ti mọ ìdè náà ju ìgbìmọ̀ lọ. Mungo ronú sí i, ó sì ní ìyẹn fi hàn pé ewúrẹ́ ń bọ̀wọ̀ fún ètò. Clive yí tirẹ̀: kọ́.

Báyìí ni igi ṣe ń tán lórí òkè, tí ìgbà òtútù ń sún mọ́lé, tí iṣẹ́ sì tún dé láti ẹkùn pé Rosalind Keane, obìnrin tó ń darí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti igbó fún gbogbo ẹkùn, ń bọ̀ wá wo bí Karehu ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè pinnu ẹni tí yóò ni òkè náà.

Ẹlòmíràn á lọ gbin igi. Mungo lọ ṣe òrùka.

Òrùka idẹ pẹlẹbẹ ni, wọ́n fín in yíká: M. TULLOCH, ALÁGA. Ó fẹ́ kó wà láàrin èjìká ìbọn àti Ìdè Ọlọ́lá, kí ojú àlejò lè kọ́kọ́ bà lé e. Ó pe alágbẹ̀dẹ ìbọn ìlú lórí fóònù kó bá òun fi sí i. Alágbẹ̀dẹ náà kọ̀. Ó ní irin gbọ́dọ̀ jókòó lórí irin níbẹ̀, pé ohunkóhun tí wọ́n bá ki bọ àárín wọn yóò mú kí sàlẹ́ńsà fì sápá kan, ọta á sì gbá inú rẹ̀ bó bá ń kọjá.

“Kì í ṣe ohunkóhun,” ni Mungo wí. “Orúkọ mi lásán ni.”

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé láyé, ẹ ti rí i rí: ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́, ẹ wo àárín irin méjèèjì dáadáa, ẹ ó bá orúkọ ẹnì kan níbẹ̀.

Ó rán Clive pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń tì gba inú ìbọn kọjá. Bó bá jáde ní àárín gbùngbùn ihò sàlẹ́ńsà, ìdè náà gún. Bó bá fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má yìn ín. Clive ti ọ̀pá náà. Ó jáde, ó sì fara ti ẹ̀gbẹ́ ihò bí ọ̀mùtí tó fara ti ògiri. Clive bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò. Ọ̀mùtí kò dìde.

Mungo yọ lẹ́nu ọ̀nà. “Báwo ló ṣe rí?”

Clive yára fa ọ̀pá náà yọ. “Ó gún, Alága. Ó gún bí ìwà yín.”

Kò sì parọ́.

Ohun tí Clive fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé alága kò ní yìnbọn. Hinewai ni wọ́n yàn láti yìn ín níwájú àlejò, Hinewai kì í sì í yin ìbọn tí kò bá tíì fojú wo inú rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Òun ni yóò rí i, òun ni yóò sì sọ ọ́. Clive á wá fi ọwọ́ lé àyà, á ní họ́wù. Ohun tó wu àwọn bíi Clive láyé nìyẹn: kí ẹlòmíràn sọ òtítọ́, kó lè ya àwọn lẹ́nu.

Ọjọ́ pé. Wọ́n to àga síwájú gbọ̀ngàn. Ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n gbé àwo irin kan kọ́ fún ọta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì na aṣọ ńlá kan sí tí wọ́n tẹ àwòrán Mungo sí, ojú nìkan, ó tó ilẹ̀kùn. Clive ló dá a lábàá pé kí àlejò lè máa rí alága bó bá ń wo ibi tí ọta ń lọ. Effie ṣe páfílófà, àkàrà dídùn wọn tó funfun, tó fúyẹ́ bí òwú, ó fi èso kíwì sórí rẹ̀.

Rosalind Keane sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ó ti gba orí òkè wá. Ó gba tíì, ó béèrè pé igi mélòó ló kù lókè yẹn. Mungo dáhùn pẹ̀lú ìtàn bàbá bàbá rẹ̀.

Ó sọ bí Hamish ṣe rékọjá òkun pẹ̀lú ọ̀sìn.

“Ọ̀sìn náà ló wà lókè yẹn,” ni Hinewai sọ wẹ́rẹ́. “Ó ń jẹ igi wa.”

Ó sọ nípa ọ̀làjú. Tíì tutù. Ó sọ nípa ohun tó ń dún àti ohun tí kò dún. Àárín páfílófà rọra jìn sínú bí ọ̀fìn. Àlejò tún béèrè nípa igi. Mungo ní òun ń bọ̀ níbẹ̀. Ó gbé ìbọn sókè, ó gbé sàlẹ́ńsà lé e, ó dúró díẹ̀ kí àwọn èrò lè kọjú sí i, ó sì yí i. Kẹrẹkẹrẹ-kọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ dáhùn, kọ́, kọ́, kọ́. Lókè, àwọn ewúrẹ́ gbé orí.

Ó wá nawọ́ ìbọn náà sí Hinewai bí ẹni ń fi ọmọ fún alágbàtọ́. Hinewai yọ irin tó dí ìdí rẹ̀ kí ihò lè hàn, ó gbé e sójú.

“Kí lò ń wò?” ni Mungo béèrè.

“Mò ń wò ó bóyá ó gún.”

“Clive ti wò ó.”

“Ojú ẹ ni Clive wò. Kò wo ìbọn.”

Ẹ̀rín bú. Àlejò pàápàá fi ife bo ẹnu. Etí Mungo pọ́n. Ó gba ìbọn náà padà lọ́wọ́ Hinewai kí ojú rẹ̀ tó ríran wọ inú ihò. “Ìbọn tó ń jẹ́ orúkọ mi,” ni ó wí, “èmi náà ni mo máa yìn ín.”

Clive dìde lórí àga rẹ̀. “Alága,” ni ó wí, “bóyá kí ẹ…”

“Bóyá kí n kí ni?”

Ọrùn Clive mì lápá ọ̀tún, ó mì lápá òsì. Òtítọ́ dé ẹnu rẹ̀, ó wo ìta, ó tún padà wọlé. “Bóyá kí ẹ fi nǹkan bo etí.”

Mungo kò bo etí. Ohun ìbotí máa ń ba irun jẹ́, ẹni tó ń ya fọ́tò sì ti dúró. Ó ní kí gbogbo wọn bọ́ sẹ́yìn òun. Ó dá irin ìdí ìbọn padà, ó ki ọta sí i, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fa á.

Ó dún bí ìgbà tí òrùlé bá já. Ọta fi ẹ̀gbẹ́ gbá inú sàlẹ́ńsà, irin náà la bí ẹ̀pà, ìdérí iwájú rẹ̀ já, ó fò lọ pẹ̀lú igbe, ó sì gba àárín aṣọ àwòrán kọjá. Nígbà tí èéfín lọ, Mungo dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é àfi etí tó ń han gooro. Ní ìsàlẹ̀ òkè, àwòrán rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn, ihò roboto sì wà níbi tí ẹnu wà tẹ́lẹ̀. Òbúkọ àgbà wò wọ́n títí. Ó yí ìdí padà.

Rosalind Keane gbé ife kalẹ̀, ó gba ìbọn náà, ó yọ irin ìdí rẹ̀, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ó fi èékánná yọ òrùka idẹ tó ti tẹ̀, ó kà á.

“Ta ló yẹ èyí wò kí wọ́n tó yìn ín?”

Wọ́n wo Clive. Clive wo páfílófà.

Àlejò náà kò bínú, ìyẹn ló sì mú kó wọ̀ wọ́n lára. Ó ní òun ti wo igi lókè, òun ti wo ìgbẹ́ ewúrẹ́, òun sì ti gbọ́ ariwo yẹn láti orí òkè kí òun tó sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ọdẹ wà ní Karehu. “Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí kò lè sọ fún alága wọn pé ihò kò gún, ṣé mo lè fi òkè tó wà lórí ilé ìwé sílẹ̀ fún wọn?” Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Hinewai wo èjìká òkè, níbi tí òkúta funfun àwọn ìyá rẹ̀ ti ń tàn. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n òun ti sọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹnu tirẹ̀ nìkan kọ́ ni àlejò ń dúró dè.

Effie ló dìde.

“Mungo,” ni ó wí, “irin yẹn ti ba oúnjẹ mi jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.”

Mungo fi ọwọ́ sétí. “Kí lo wí?”

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Etí tí kò gba ìmọ̀ràn ti di pátápátá. Gbogbo ohun tí àfonífojì ti ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní láti lọ́gun rẹ̀ báyìí.

“Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́ kọ́ mọ́ lábẹ́ tábìlì mi!” Effie, tí kò gbé ohùn sókè láti ọjọ́ ìgbéyàwó, lọ́gun tó bẹ́ẹ̀ tí ajá fi dìde. “Ẹnu lèèyàn fi ń dúpẹ́ oúnjẹ! Àwòrán yẹn ò sì jọ ọ́!”

Ẹnì kan lẹ́yìn lọ́gun pé ewúrẹ́ ń sá nítorí Aláriwo. Ẹlòmíràn lọ́gun pé àrán ti ba sàlẹ́ńsà jẹ́, pé kí wọ́n dá sítóòfù padà. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á dìde, ẹnì kan á jókòó, bí ẹni ń jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mungo ń yí orí láti ẹnu kan sí èkejì, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń jò wọ ilé.

Clive ló kẹ́yìn. Ó rìn dé iwájú Mungo, ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. “Ọ̀pá náà fara ti ẹ̀gbẹ́. Mo rí i. Ẹ̀mí yín ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe ‘bẹ́ẹ̀ ni, Alága’.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mungo wo ọkùnrin tó ń sunkún náà. Ó wo òrùka tó wà ní ọwọ́ àlejò. Ó wo aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, níbi tí ojú ara rẹ̀ ti la ẹnu sílẹ̀ tí kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó mí sínú gan-an, àwọn ènìyàn sì nawọ́ sí tíì nítorí ó ti mọ́ wọn lára.

“Hinewai,” ni ó wí, “gbà á ṣe.”

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tí ó sọ láti ìgbà tó ti di alága nìyẹn. Òun náà ló sì sọ kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí alága.

Hinewai wọ inú gbọ̀ngàn, ó nawọ́ sẹ́yìn sítóòfù, ó yọ sàlẹ́ńsà àtijọ́ kan tó fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu àwo dì síbẹ̀ láti ọjọ́ tí àṣẹ ti dé. Ó yí i mọ́ ẹnu ìbọn tirẹ̀ níwájú àlejò. Ó pẹ́ díẹ̀. Kò dún rárá. Ó wo inú rẹ̀, ó gbé e fún Clive pé kó wò ó. Clive nu ojú, ó wò ó pẹ́. Ó ní ó gún. Hinewai dùbúlẹ̀, ó yìn ín, àwo irin dún gbọnran, etí kò sì dun ẹnikẹ́ni.

Rosalind Keane tún béèrè pé igi mélòó ló kù lókè. Hinewai sọ fún un pé ó kéré, pé èyí tó kù sì wà lápá ibi tí ewúrẹ́ ń sùn. Àlejò jókòó padà. Ó fi òkè náà sílẹ̀ fún wọn títí di òjò ìgbà òtútù, ó ní òun yóò padà wá wò ó. Ó jẹ páfílófà Effie, àárín rẹ̀ tó jìn gan-an ló jẹ.

Wọ́n gòkè láìtò, láìju ọwọ́. Òbúkọ àgbà ń dúró de ariwo tó máa ń kìlọ̀ fún un, kò gbọ́ ọ, ewúrẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tí òjò dé, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè, òkè náà sì dúró sí àyè rẹ̀. Àwọn òkú sùn. Àwọn ọmọdé lọ ilé ìwé. Àlejò padà wá, ó wo igi, kò sì ti ọ̀nà kankan.

Ní ọjọ́ kan nínú òtútù yẹn, àwọn ọdẹ jókòó yí sítóòfù ká, sàlẹ́ńsà wọn tò rẹrẹ, nígbà tí Mungo Tulloch wọlé pẹ̀lú ìbọn Lachlan bàbá rẹ̀. Ó dúró, ó yí sàlẹ́ńsà àtijọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, kò dún, ó sì gbé e kalẹ̀ ní ìparí èyí tí wọ́n tò. Hinewai bu tíì fún un. Ẹnì kan béèrè ibi tí ewúrẹ́ sùn mọ́jú. Mungo ní abẹ́ àpáta pupa ni, òun rí ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀.

“Irọ́ ni,” ni Clive Bodley wí.

Gbogbo ife dúró lójú ọ̀nà. Clive fúnra rẹ̀ di àga mú.

“Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀. Àgbọ̀nrín lẹ rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òpùrọ́ ni yín.”

Mungo wò ó pẹ́, bí ó ti ń wo ẹni tí kò bá dáhùn nígbà kan. Ó mu tíì díẹ̀.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Sún síwájú, Clive. Ẹsẹ̀ mi ò dé ibi iná.”